Káàdì Friday, Máàkì Tèmi

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹta, 1990

Dáyárì ọdún tó kọjá ni mo ń kọ sí yìí. Ejẹ́ńtì kan ní Wharf Road ló fún Bàámi, kò sì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ewé kò bá ti ọdún yìí mu, nítorí náà mo ń fi bírò fagi lé e, mo ń kọ tèmi sí i.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ni pé Bàámi mú ìròyìn bọ̀ láti wọ́ọ̀fù, èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́ńpìnì tí wọ́n ń já ẹrù fún ti lẹ nótíìsì mọ́ géètì. Ọmọ dọ́kà, ìyẹn ajárù ọkọ̀ ojú omi, èyíkéyìí tó bá gba 250 nínú JAMB, wọn á san ìdajì owó yunifásítì rẹ̀. Ẹni tó bá gba 280 sókè, wọn á san gbogbo rẹ̀: owó ilé-ìwé, yàrá, oúnjẹ, ìwé, títí ó fi máa jáde. Bọ̀dá Mọ́rúfù, ọ̀gá gáàngì wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń já ẹrù, ló ka nótíìsì náà sí wọn létí.

Bàámi sọ ọ́ fún wa bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ó jẹun, ó kírun, ó sùn. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, 214 ni mo gbà. Màámi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún. Mi ò jalè. Lọ́tẹ̀ yìí 280 ni mo ń wá, Lọ́ọ̀ sì ni mo fẹ́ kà ní Ifẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó má bàa pẹ́.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹta

Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo ni èmi àti Onyinyechi ní fún English. Bàbá tirẹ̀ ń wa tírélà, wọ́n ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa. A ya ìwé náà sí méjì láti ẹ̀yìn, a sì ń pààrọ̀ ní gbogbo Sátidé. Onyinyechi ní tí ìbéèrè bá ti inú apá tó wà lọ́wọ́ òun wá, òun á wúkọ́ fún mi. Mo ní kó gbé ikọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹrin

Ṣúgà ni wọ́n ń já láti ọjọ́ Sátidé. Bàámi ń gbààwẹ̀, ó sì ń gbé àpò. Màámi, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ni ó ń jí se sààrì fún un lójoojúmọ́, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ rí. Mo bi Bàámi pé kí ló dé tí kò fi sinmi ní ọjọ́ méjì péré. Ó ní tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn láàárọ̀ tí kò dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn á bọ́ sí ipò rẹ̀.

Gààrì ti tún wọ́n sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹrin

Sójà fẹ́ gbàjọba. Rédíò sọ̀rọ̀ tán, ó tún yí i padà. Wọ́n ní ìbọn ń dún lọ́hùn-ún ní Ìkòyí, ẹnikẹ́ni ò kọjá Boundary, ẹnu ààlà Ajégúnlẹ̀ wa níbí. Ìwé Gọ́fúmẹ́ńtì ni mo wà lórí rẹ̀ lónìí, orí tó sọ nípa ìjọba ológun. Mo kà á dé òpin. Ẹ má tíì yí ìdáhùn padà, ẹ̀yin sójà yìí, ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Karùn-ún

A ti ṣe é.

Ní àárọ̀, ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tí a ti ṣe é ní Apapa, ó ń ta ìdáhùn tí wọ́n kọ sórí bébà kékeré. Àwọn èèyàn ṣù bo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Sister, no dull yourself." Mo sọ fún un pé máàkì tí mo bá gbà, orúkọ mi ló máa wà lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ mi máa jẹ́rìí èké. Ó ní ìyà ló máa jẹ mí. Ó ṣeé ṣe.

Òjò jò sórí tábìlì mi ní àárín Lítíréṣọ̀. Mo tẹ̀ bo bébà ìdáhùn, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù kun àwọn àpótí kéékèèké náà lọ lábẹ́ àyà mi. Ẹ̀yìn mi rin gbingbin. Bébà mi gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹfà

Cameroon na Argentina ní Italy. Kò sí ọmọkùnrin Ajégúnlẹ̀ kankan tó sùn sílé. Èmi náà pariwo, nítorí gbogbo èèyàn ló ti sọ pé wọn ò lè nà wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Keje

Omi wọ yàrá títí dé orúnkún bẹ́ẹ̀dì. Ìwé mi wà lókè sílíìnì láti ọjọ́ Fúráìdé. Aṣọ ọ̀kíríkà tí Màámi ń tà rin, ó sì ń tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Màámi fi ẹsẹ̀ wọ́ inú omi wá láti Orílé kó lè wá gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n fi mí sí ilé ìtẹ̀wé ní Boundary kí n kọ́ tàípù, nítorí obìnrin tó mọ tàípù kì í pẹ́ rọ́kọ. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ wá mú ọkọ náà wá kó wá bá wa gbọ́n omi." Màámi lé mi jáde. Nígbà tí mo yọjú wolé, ó ń fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹjọ

283.

Igba ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

Àpótí lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì Màámi ni sílíìpù náà gbà dé, alùfáà wọn ló sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un wá. YINUSA FOLAYO. Màámi wó lulẹ̀ níwájú ilé, ó ń yí nínú iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. 241 ni Onyinyechi gbà, síbẹ̀ òun ló gbé mi pọ̀n yí àgbàlá ká. Mo sunkún sí i lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn tó báyìí kò pọ̀.

Bàámi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba sílíìpù náà, kò mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ ó fi ìka tọ nọ́ńbà náà. Ó ní, "Alihamudulilai." Lẹ́yìn náà ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa fún ìgbà pípẹ́. Kò jẹun.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Wharf Road. Mísítà Benson ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀: ẹ̀wù funfun, gíláàsì lójú. Ó wo 283 náà, ó yọ gíláàsì, ó tún un wò. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kejì: orúkọ bàbá bó ṣe wà lórí káàdì iṣẹ́. Mo kọ Yínúsà. Ó ṣí rẹ́gísítà, ó fi rúlà wá a láti òkè dé ilẹ̀.

"Kò sí Yínúsà kankan níbí."

"Ó wà ńbẹ̀, sà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju àga tí ẹ jókòó lé lọ."

Ó ní kí n lọ mú káàdì rẹ̀ wá, kí n sì fi ẹnu mi sílé tí mo bá ń bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Gbogbo ayé mi ni àwọn èèyàn wọ́ọ̀fù ti ń pe Bàámi ní Friday. Mo rò pé torí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i ni. Mo tiẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi rí.

Lónìí ó yọ káàdì náà láti inú agolo. FRIDAY EJIRO. Kò sí fọ́tò lára rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi tán pátápátá. Ní 1975, ọdún símẹ́ǹtì, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó símẹ́ǹtì tò dé ojú òkun, Bàámi ń bá wọn ṣe lébìrà láìní káàdì. Friday, ará Sapele, ló ni káàdì. Ẹrù já láti orí kíréènì, ó fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàámi ló gbé e sí ẹ̀yìn dé ọsibítù. Lórí bẹ́ẹ̀dì ni Friday ti fi káàdì náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa dáhùn orúkọ òun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀fù nìyẹn: ẹni tó ń lọ kì í dá káàdì padà, ẹni tó bá fẹ́ràn ló ń fún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Bàámi ti ń jẹ́ Friday láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn Urhobo tó wà níbẹ̀ ń kí i ní Urhobo, ó sì ń dá wọn lóhùn. Friday gan-an ti kú sí Sapele ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi ní oṣù kẹta?"

Ó ní, "Mo rò pé o ò ní gba 280."

Inú bí mi, àánú sì ṣe mí, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹjọ

Bọ̀dá Mọ́rúfù wá pẹ̀lú àtúnṣe. Ó ní nǹkan kékeré ni. Kí n lọ búra ní kóòtù pé Fọláyọ̀ Friday ni orúkọ mi, pé Yínúsà jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó tọ́ mi. "Ọmọ wọ́ọ̀fù tó ń jẹ́ orúkọ káàdì pọ̀ lọ súà. Ọ̀sán kan ni. Ṣó o rí i? No wahala."

Mo ní mi ò ṣe.

Ó wo Bàámi. Bàámi ní, "Fọláyọ̀, ṣé orúkọ lo máa jẹ ni?"

Mo ní ìgbà tí mo kun àwọn àpótí yẹn, èmi ni mo kùn wọ́n, orúkọ bàbá tó bí mi ló wà lókè bébà. Mo ní tí mo bá búra pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, mo ti pa á nìyẹn, mo sì ti fi òkú Sapele rọ́pò rẹ̀. Mo pariwo. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀, mi ò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Màámi ló sọ ohun tó wà nínú gbogbo wa. Ó ní tí wọ́n bá mọ̀ pé káàdì olókùú ló fi ń ṣiṣẹ́, wọn á lé e, wọ́n sì lè kó o lọ sẹ́wọ̀n. "Kirikiri ò jìnnà síbí. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀."

Bàámi jáde lọ sí mọ́sálásí. Bọ̀dá Mọ́rúfù sọ fún mi pé mo ya alágídí. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹjọ

Bàámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ owó. Bàámi dé, ó bu búrẹ́dì fún mi láìwo ojú mi, yíǹkì búlúù àtàǹpàkò rẹ̀ sì kun ara búrẹ́dì náà bó ṣe máa ń rí ní gbogbo Sátidé láti kékeré mi. Mo ti ń gé ibi tó bá búlúù jù nù ṣáájú kí n tó mọ ìwé kà.

Mo jókòó, mo ń wo búrẹ́dì náà.

Orúkọ Friday ni wọ́n ń pè, àmọ́ àtàǹpàkò ta ló ń tẹ ìwé owó? Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lọ dáadáa. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn, àwọn ló kó o jọ, àwọn ló tì í mọ́lé.

Lónìí mi ò gé búrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú yíǹkì rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹjọ

Lẹ́tà kọ́ńpìnì dé. Àwa mẹ́ta péré la gba 280 sókè. Kí kálukú wá ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti káàdì. Mo sọ ọ̀rọ̀ yíǹkì náà fún Bàámi. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa lé."

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé lé tábìlì, kì í ṣe tèmi. Mo sọ fún un pé tí òun bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ, mo máa kọ́ tàípù. Orúkọ Friday nìkan ni mi ò ní jẹ́.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá kí n lọ. Ó ní, "Máa lọ. Èmi ní ọkọ̀ láti já." Kò sọ pé òun á wá. Kò sì sọ pé kí n má sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ báyìí, kó tó di ìtàn tí Bọ̀dá Mọ́rúfù ń fi iyọ̀ sí.

Mo dá wọlé. Mísítà Benson wà níbẹ̀, àti ọ̀gá àgbà wọn, bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun, tí kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bàbá mi dà? Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yín. Mo gbé sílíìpù mi kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi mú ìwé owó ti Friday Ejiro wá, ti ọdún èyíkéyìí."

Mísítà Benson rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ti ń gbọ́ pé Friday Ejiro ti kú. "Àbí òkú ló ń já ẹrù fún wa?"

Mo ní, "Tó bá jẹ́ òkú ni, sà, ẹ̀ ń sanwó fún un dáadáa. Àtàǹpàkò kan náà lẹ ti ń sanwó fún láti ọdún símẹ́ǹtì. Àtàǹpàkò bàbá mi ni. Yínúsà lorúkọ rẹ̀."

Mo di ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn.

Mísítà Benson ní káàdì olókùú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, pé mo ti fi ẹnu ara mi dá bàbá mi lẹ́bi. Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàámi ni. Ṣúgà wà ní orí rẹ̀, ní ipéǹpéjú rẹ̀, ó funfun bí ẹni arúgbó. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá Mọ́rúfù àti gbogbo gáàngì.

Mísítà Benson wò ó, ó ní, "Friday."

Bàámi ò dáhùn. Ó ti dáhùn orúkọ yẹn ní gbogbo àárọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Friday, mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Kò dáhùn.

Ọ̀gá àgbà gbé orí sókè. Ó bi mí pé kí ni mo pe orúkọ rẹ̀? Mo sọ ọ́ fún un. Ó yíjú sí Bàámi, ó ní, "Yínúsà?"

Bàámi ní, "Sà." Ó tún un sọ, ó dún ketekete: "Èmi rèé, sà."

Wọ́n mú ìwé owó wá, ti 1978 àti ti oṣù yìí. Bàámi tẹ ìka sórí bébà funfun. Ojú ọgbẹ́ kan wà ní àárín àtàǹpàkò rẹ̀, okùn kíréènì ló bù ú jẹ ní ọdún àkọ́kọ́. Ó wà nínú gbogbo ojú ewé. Mísítà Benson ṣí i títí, ó sì yé rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní òfin ni òfin. Bọ̀dá Mọ́rúfù bọ́ síwájú. "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Àwa mọ́kànlélógún la wà níbí. Àwa mẹ́jọ ni kò jẹ́ orúkọ tó wà lórí káàdì wa. Tí ẹ bá lé Yínúsà, ẹ lé wa pọ̀. Ọkọ̀ ṣúgà yẹn ò tíì já dé ìdajì." Bọ̀dá Mọ́rúfù tó ní kí n lọ búra. Èmi ò mọ̀ pé mo lè fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ní ká máa lọ, òun á ránṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, Bàámi ní, "O gbóhùn sókè jù." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi tọkàntọkàn bá mi sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rẹ́rìn-ín dé Boundary.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti ránṣẹ́, a sì ti lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Wọ́n máa san gbogbo owó ilé-ìwé mi, ti 283, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yínúsà. Wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa gba káàdì tuntun pẹ̀lú orúkọ tiwọn. Àmọ́ iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà jẹ́ ti Friday Ejiro, Friday Ejiro sì ti kú, nítorí náà kò sí owó ìfẹ̀yìntì lórí wọn.

Mo dìde. Mo fẹ́ sọ pé olè ni. Bàámi ti tẹ ìka sórí ìwé àdéhùn wọn kí n tó la ẹnu.

Ní ìta mo sunkún pẹ̀lú ìbínú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n dá owó wọn padà. Mo máa tún ọ̀nà mìíràn wá."

Ó ń wo káàdì tuntun rẹ̀. Kò mọ ìwé kà, ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, "Àwọn méje yòókù náà tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ tiwọn náà lè ṣe ìdánwò. Lọ ka Lọ́ọ̀ tí o lóo fẹ́ kà. Tí o bá ti kà á tán, wá bi wọ́n léèrè ọdún mi."

Mo sọ fún un pé màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má lè sọ pé mo gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹwàá, Ifẹ̀

Yàrá ẹni mẹ́rin, àwa méje la wà níbẹ̀. Mo to ìwé mi sórí ilẹ̀, mo sì tún gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, torí pé mo ṣì ń bẹ̀rù omi.

Ìlà ìforúkọsílẹ̀ gùn láti àárọ̀. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé náà ti fọ́ọ̀mù sí mi láìgbójú sókè. Orúkọ bàbá: mo kọ Yínúsà. Iṣẹ́ bàbá: mo kọ dọ́kà, Apapa.

Wọn ò béèrè iye ọdún tó ti ń ṣe é. Mo fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó yọ sí ẹ̀yìn bébà: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Akọ̀wé ní mo ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́, kí n wá gba òmíràn. Mo gbà á, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ náà.